Òṣùká Ni, Kì í Ṣe Alábàárù: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Ran Ọmọ Tí Ìwé Kíkà Ń Nira Fún Lọ́wọ́

Orí WhatsApp ẹbí ni ọ̀rọ̀ náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní London yóò fi ohùn ránṣẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun kọ lẹ́tà wá. Wọ́n ní ọmọ náà ní dyslexia, ìyẹn ìyàtọ̀ tó ń mú kí ìwé kíkà nira, wọ́n fẹ́ fún un ní kọ̀ǹpútà tí yóò máa ka ìwé sí i létí, wọn yóò sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún àkókò ìdánwò rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èsì ti kún ojú fóònù. Màmá àgbà ní kí wọ́n má gbà o, wọ́n fẹ́ kọ àìsàn mọ́ ọmọ òun lórúkọ ni. Àbúrò kan ní ọmọ tó mọ iye góòlù tí Arsenal gbá wọlé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ló kù tí kò lè mọ̀? Ẹlòmíràn wá bi ìbéèrè tó mú mi kọ àlàyé yìí: "Tí ẹ̀rọ bá ń bá a kàwé, kí ni òun fúnra rẹ̀ wá ń kọ́?"

Ìrújú tó wà nílé níbí náà kò kéré sí ti London. Ilé-ẹ̀kọ́ kan á fòfin de fóònù, èyí tó wà níwájú rẹ̀ á gbé pátákó síta pé kọ̀ǹpútà ni àwọn fi ń kọ́ni, òbí tó dúró láàárín méjèèjì kò sì mọ èyí tó kan ọmọ tirẹ̀, tó ti wà ní kíláàsì kẹrin tí kò tíì lè ka ojú-ìwé kan tán.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìyàtọ̀ nínú ìkẹ́kọ̀ọ́?

Tí wọ́n bá ní ọmọ kan ní ìyàtọ̀ nínú ìkẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé orí rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ ríran, etí rẹ̀ gbọ́ràn, wọ́n sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ibì kan wà nínú iṣẹ́ ìwé tí kì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibì kan pàtó ni o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Dyslexia ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ní in máa ń jìjàkadì láti so lẹ́tà inú ìwé mọ́ ìró ẹnu. Ẹ̀yin àti èmi á rí "ilé", a ò tilẹ̀ ní í mọ ìgbà tí a kà á. Òun á máa wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, nígbà tó bá sì fi dé ìparí gbólóhùn, ohun tó kà níbẹ̀rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti dysgraphia wà níbi ọwọ́ kíkọ: ọ̀rọ̀ kún ẹnu ọmọ, ṣùgbọ́n kó tó fi bírò gbé e sórí ìwé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Dyscalculia jẹ́ ti nọ́ńbà, ọmọ á ṣì máa ka ìka nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìka kíkà sílẹ̀ tipẹ́. Wọ́n tún máa ń ka ADHD mọ́ wọn, níbi tí ọkàn ọmọ kì í ti í dúró lójú kan pẹ́ títí, bó tilẹ̀ ń gbìyànjú. Ọmọ kan lè ní méjì pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1896, dókítà ará England kan, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Britain nípa ọmọkùnrin ọdún 14 kan. Ọmọ náà já fáfá, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè fi eré ṣíṣe yangàn sí i. Láti ọmọ ọdún 7 ló ti wà lọ́wọ́ olùkọ́, síbẹ̀ agbára káká ló fi ń ka ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ó ṣi orúkọ ara rẹ̀ gan-an kọ, kò sì rí àṣìṣe náà àfi ìgbà tí wọ́n pe àkíyèsí rẹ̀ sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Olùkọ́ rẹ̀ wá sọ pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, ọmọ náà ni ì bá mọ̀wé jù nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí. Ohun tó fẹnu wí lásán nígbà náà ni ẹ̀rọ ń ṣe lónìí.

Mo máa ń rò ó pé ní ayé àwọn baba ńlá wa, ta ni ì bá tilẹ̀ fura sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ì bá jókòó ti babaláwo, kí ó máa fi etí gba ẹsẹ Ifá sínú, tàbí kí ó kọ́ ìlù lẹ́yìn bàbá rẹ̀, kí ó sì ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Nígbà tí ìwé di ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ di wàhálà. A wá fún un lórúkọ: olódo. Èmi náà kò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo pe ọmọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ lójú àwọn yòókù, torí pé ó ka "was" sí "saw" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ yẹn ló máa ń bá mi tún rédíò mi ṣe.

Ṣé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà á láàmú?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú pe ọmọ ní ohun tí kì í ṣe. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé rí, tí wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, yóò dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí ọmọ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìwé Yorùbá tí ó ní àmì ohùn, irú èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń kà, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ ní kíka Yorùbá. Tí ó bá ka Yorùbá já gaara, tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, èdè ni ẹ máa wò kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Tí Yorùbá náà bá ń gbà á lásìkò rẹpẹtẹ, ó yẹ kí a fura. Ohun kan wà tí ó máa ń tan òbí jẹ níbí: nínú èdè tí bí a ṣe kọ ọ́ náà ni a ṣe ń pè é, bíi Yorùbá, ọmọ tó ní dyslexia lè máà ṣàṣìṣe púpọ̀. Yóò kàn máa falẹ̀ ni. Ẹni tó ń ka iye àṣìṣe nìkan yóò sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe é.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an?

Ẹ wo ìyá tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ó ká aṣọ, ó fi ṣe òṣùká. Òṣùká kò bá a gbé igi. Ọrùn ìyá náà ló ṣì ń gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì ń rìn ín délé. Ohun tí òṣùká ṣe ni pé kò jẹ́ kí igi gún un lórí. Alábàárù ọjà ní tirẹ̀ yóò gba ẹrù lọ́wọ́ yín pátápátá, ẹ̀yin á kàn máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé fún ọmọ ní kíláàsì, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni. Ìbéèrè tó yẹ kí á máa bi ara wa kò ju ìyẹn lọ.

Èyí tó lókìkí jù ni ohùn akàwé. Ẹ̀rọ yóò wo ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, yóò sì pè é jáde ní ohùn. Bó ṣe ń pè é, yóò máa fi àwọ̀ kun ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, kí ojú ọmọ lè máa bá etí rẹ̀ rìn. Ní 1976, Raymond Kurzweil ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan han aráyé tó ń ka ìwé sókè fún àwọn tí kò ríran. Ẹ̀rọ náà tóbi bíi tábìlì, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ọlọ́mọ. Lónìí, iṣẹ́ kan náà wà nínú fóònù Android àti iPhone láìsan kọ́bọ̀. Ìwé tí a tẹ̀ sórí pépà náà kò bọ́ sílẹ̀: kámẹ́rà á ya ojú-ìwé, ẹ̀rọ á yọ lẹ́tà inú rẹ̀, á wá kà á. Bírò akàwé náà wà, tí ọmọ á fi máa tọ ìlà ọ̀rọ̀ lọ, tí bírò náà á máa sọ̀rọ̀ sí i létí.

Kí ló dé tí èyí fi ń ṣiṣẹ́? Torí pé kíkà jẹ́ iṣẹ́ méjì tí a dì pọ̀. Èkíní ni kí á yí lẹ́tà padà sí ọ̀rọ̀, èkejì ni kí ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ọmọ tó ní dyslexia máa ń ná gbogbo agbára rẹ̀ tán sórí èkíní, kò sì ní í ku nǹkan kan fún èkejì. Tí ohùn bá gba díẹ̀ nínú èkíní ṣe, ọmọ á lè fi làákàyè tó ní ṣe ohun tí Ọlọ́run fún un ṣe. Tíṣà bèèrè bí ewé ṣe ń fi oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Ọmọ wa gbọ́ àlàyé náà lánàá, ó sì yé e, ó tilẹ̀ fi ọgbà ìyá rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Lórí pépà, ó gba òdo, nítorí pé kò rí ìbéèrè kà tán kí aago tó lu. Kí ni ìdánwò yẹn wá dán wò, sáyẹ́ǹsì àbí eré ìje?

Ẹ̀rọ kejì yí iṣẹ́ yìí padà: ọmọ ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dára fún ẹni tí bírò ń dá lágara, àmọ́ kíláàsì tí ọgọ́ta ọmọ wà kì í ṣe ibi tí ó ti lè gbọ́ ohùn ẹnì kan. Nígbà mìíràn, títẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà nìkan ti tó ìrànlọ́wọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn á máa dábàá ọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí fóònù yín ṣe máa ń ṣe. Immersive Reader tí Microsoft fi sínú Word àti Edge lè fẹ àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, kí ó gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, kí ó sì bo gbogbo ojú-ìwé mọ́lẹ̀ ku ìlà kan ṣoṣo. Fún ọmọ tó ní ADHD, aago tó ń dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lè wúlò ju áàpù olówó ńlá lọ.

Ṣé èyí kì í ṣe èrú?

Ó dá lórí ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ lè ka ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹ wá gbé ohùn akàwé fún un, ẹ kò tíì dán nǹkan kan wò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ìtàn Ogun Kírìjì, kí ló kan ohùn akàwé níbẹ̀?

Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní Britain ti fi ìgbà pípẹ́ fa ọ̀rọ̀ yìí, òfin tí wọ́n bọ́ sí sì dùn mọ́ mi. Ní apá ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán òye kíkà wò, wọn kò gbà kí ènìyàn ka àyọkà sí ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ létí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí kọ̀ǹpútà kà á. Ẹ lè bèèrè pé kí ni ìyàtọ̀. Ènìyàn tó ń kàwé á gbé ohùn sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á dánu dúró níbi tó yẹ, láìmọ̀ á ti túmọ̀ ìdajì rẹ̀ fún ọmọ. Ohùn kọ̀ǹpútà kò túmọ̀ nǹkan kan. Ọmọ náà ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ òye. Wọ́n fún un ní òṣùká, wọ́n fi alábàárù dù ú.

Nílé níbí, ẹ rántí pé pẹ́ńsù ni a fi ń kun àpótí róbótó nínú ìdánwò JAMB kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sórí kọ̀ǹpútà ní 2013. Kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn tó wá lẹ́yìn ṣe èrú torí pé ọwọ́ wọn kò gbọn lórí pépà. JAMB kan náà ní ètò àkànṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. A ti gba ìlànà náà tipẹ́. Dyslexia ni a kò tíì fi sínú rẹ̀ lọ́kàn wa, torí pé kì í hàn lójú.

Ibi tí mo ti ń kọminú ni àwọn ẹ̀rọ bíi ChatGPT tí ń kọ àròkọ odindi. Tí ọmọ bá ní kí ó kọ àròkọ fún òun, alábàárù ti dé nìyẹn, ẹrù ti kúrò lórí ẹlẹ́rù. Tí ó bá ní kí ó fi ọ̀rọ̀ kéékèèké tún àyọkà kan tó le sọ fún òun, kí òun wá kọ èrò ara òun, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni. Tíṣà tó wà nítòsí ló lè mọ èyí tí ọmọ ń lò ó fún.

Ṣé ẹ̀rọ gbọ́ Yorùbá?

Díẹ̀díẹ̀. Google fi Yorùbá kún èdè tó ń túmọ̀ ní 2013, ní 2024 sì ni wọ́n kéde rẹ̀ mọ́ àwọn èdè Áfíríkà tí ènìyàn lè máa fi ohùn kọ. Ṣùgbọ́n kíka Yorùbá sókè ní ìdènà kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, ọwọ́ àwa fúnra wa ni ìdènà náà sì ti wá: a kì í fi àmì sí i.

Ẹ kọ "igba" láìfi àmì sí i fún ẹ̀rọ. Ṣé igba tí a ń kà lówó ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi, àbí ìgbà òjò, àbí igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ẹ̀yin á fi ọgbọ́n orí mú èyí tó bá a mu. Ẹ̀rọ lè mú èyí tí kì í ṣe é. Ọmọ tó ní dyslexia náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ níbí, torí kò ní agbára tó ṣẹ́ kù tí yóò fi máa já àlọ́. Nítorí náà, tíṣà tó bá fẹ́ ran irú ọmọ yìí lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ Yorùbá, kó tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ́kọ́ máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ ojú pátákó. Ọ̀fẹ́ ni àmì ohùn, kò sì nílò iná.

Gẹ̀ẹ́sì tiwa náà máa ń dojú rú ẹ̀rọ. Ọmọ tó ń fi ohùn Ìbàdàn sọ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ gbólóhùn tó mọ́lẹ̀ kedere, kí ẹ̀rọ kọ ìranù. Ẹ má jẹ́ kí ó rò pé òun ló ṣàṣìṣe.

Ohun tí ó dára jù lọ tí mo tíì rí lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Tíṣà kan ka ojú-ìwé méjì sínú fóònù rẹ̀ ní Yorùbá, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí. Àwọn ọmọ ṣí ìwé wọn nílé, wọ́n ń gbọ́ ohùn tíṣà wọn, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà. Ohùn tí wọ́n mọ̀ ni, àmì rẹ̀ kò sì lè ṣì. Dátà tó jẹ kò tó ti fídíò ìṣẹ́jú kan.

Kí ni ẹ̀rọ kò lè ṣe?

Kò lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ohun tí ìmọ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ọmọ tó ní dyslexia ni pé kí ènìyàn jókòó tì í, kí ó kọ́ ọ ní ìró lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le, kí wọ́n máa tún un ṣe títí yóò fi mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ohùn akàwé wà fún sáyẹ́ǹsì àti ìtàn tí kò lè dúró de ọmọ náà títí dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n kà. Kí wọ́n má fi ọ̀kan pààrọ̀ èkejì.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọlọ́jà pẹ̀lú. Wọ́n á ní irú lẹ́tà ìtẹ̀wé àkànṣe kan (font) wà tó ń wo dyslexia sàn, tàbí ike aláwọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sórí ìwé. Ìwádìí kò tíì fi hàn pé àwọn wọ̀nyí ń mú kíkà já geere. Dyslexia kò sí nínú ojú, nítorí náà awò aláwọ̀ kò lè yọ ọ́ níbẹ̀. Fífẹ ọ̀rọ̀ tóbi àti fífi àlàfo sí i lè dẹ ojú-ìwé lára fún ọmọ, ìyẹn kò sì ná yín ní nǹkan kan.

Gbígbé ẹ̀rọ fún gbogbo ọmọ kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú gbígbé ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tó nílò rẹ̀. Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì tó kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sínú fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èrò ńlá ni, ó sì gba òbí lọ́wọ́ ìwé rírà. Ṣùgbọ́n ìwé tó kúrò lórí pépà tó bọ́ sójú gíláàsì, ìwé náà ṣì ni lójú ọmọ tí lẹ́tà ń dà rú mọ́ lójú, àfi tí ẹnì kan bá kọ́ òun àti tíṣà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú kí ó sọ̀rọ̀. Ìjábọ̀ UNESCO ti 2023 lórí ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ kò sọ ohun tó jìnnà sí èyí: kí ẹ̀rọ wà lẹ́yìn olùkọ́, kí ó má gba ipò rẹ̀.

Kí ni lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ ń sọ, kí sì ni òfin wí?

Ẹ jẹ́ ká padà sí lẹ́tà London yẹn. Òfin ìdọ́gba ti Britain, tí wọ́n ṣe ní 2010, sọ ọ́ di dandan fún ilé-ẹ̀kọ́ láti ṣe àtúnṣe tó mọ́gbọ́n dání fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àkókò àfikún yẹn wà lára rẹ̀. Kì í hàn lórí ìwé ẹ̀rí GCSE, ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù pé yóò ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ jẹ́ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tí ìṣòro bá pọ̀ ju ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ lè dá gbé lọ, ìwé kan wà ní England tí wọ́n ń pè ní EHCP, tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ nílò, tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ń ṣe.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà náà á sọ̀rọ̀ nípa IEP. Òfin tó bí i wà láti 1975, wọ́n sì yí orúkọ òfin náà padà sí IDEA ní 1990. Ìwé àdéhùn ni IEP: ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ, ẹ̀rọ tí wọ́n máa fún un, àti bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ń tẹ̀síwájú. Òbí wà lára àwọn tó ń jókòó kọ ọ́. Tí Gẹ̀ẹ́sì ìpàdé náà bá le, ilé-ẹ̀kọ́ ló yẹ kó wá ògbufọ̀. Mo mọ ìyá kan ní Houston tó kàn fọwọ́ sí i torí pé ojú ń tì í láti ní kí wọ́n tún un sọ.

Ní Nàìjíríà, òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà di òfin nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní January 2019. Ó sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gba gbogbo ọmọ, kí olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní òfin lẹ́yìn, kì í ṣe àánú ló ń tọrọ. Àdéhùn Marrakesh ti 2013 náà wà, tí Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2017. Òun ló gba àwọn ibi ìkàwé àti àwọn àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàyè láti sọ ìwé di ohùn fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀, láìkọ́kọ́ gba àṣẹ ẹni tó ni ín. Orúkọ afọ́jú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó kan dyslexia náà.

Níbo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀?

Nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Accessibility, ẹ tan Select to Speak. Àmì kékeré kan á jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù. Lórí iPhone, inú Accessibility kan náà ni, ní Spoken Content, tí wọ́n ń pè ní Read & Speak lórí àwọn tuntun. Ẹ mú kí ohùn náà rọra máa lọ. Ẹ wa ohùn rẹ̀ (download) sórí fóònù ní ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí dátà bá tán.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ rí tíṣà, kí ẹ má lọ bí ẹni fẹ́ jà. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mi mọ ìdáhùn tí a bá bi í lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í rí ìbéèrè kà tán. Ṣé ẹ lè bá wa ka ìbéèrè sí i létí lẹ́ẹ̀kan, kí a wo iye tí yóò gbà?" Tíṣà tó rí máàkì yẹn tó fò láti òdo sí mẹ́fà nínú mẹ́wàá kò nílò àlàyé gígùn mọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ lo íyàpíìsì ní kíláàsì, ẹ bẹ tíṣà kí ó jẹ́ kí gbogbo ọmọ dán an wò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí gbogbo ayé ti dán wò kì í di ohun ìtìjú ẹnì kan.

Ọmọkùnrin tí mo pè ní olódo lọ́jọ́sí ti di oníṣẹ́ iná báyìí, òun ló so sólà mọ́ òrùlé ilé mélòó kan ní òpópónà wa. Lóṣù tó kọjá, ó ń ṣe ẹ̀rọ kan nílé mi, ó sì na ìwé ìlànà rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun wo ojú-ìwé kẹtàlá, bó ti máa ń ṣe láti kékeré. Mo gba fóònù rẹ̀, mo tan ohùn akàwé sí i, mo ní kó ya ojú-ìwé náà. Ó gbé e sétí. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó yí wáyà méjì padà, iná tàn. Ó wá wojú mi.

"Tíṣà, láti ìgbà wo ni nǹkan yìí ti wà nínú fóònù mi?"